Tiránsísítọ̀ tí kò sí lọ́jà mọ́: bí wọ́n ṣe ń wá arọ́pò rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ sítẹ́ríò àtijọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon san owó Udoji, tí àwọn òṣìṣẹ́ gba àfikún owó oṣù pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀rọ orin lọ. Ẹ̀rọ Pioneer, Sansui, Sony, Akai àti Hitachi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pálọ̀ àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé tí ó jẹ́ pé rédíò kékeré ni wọ́n ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú wọn ti di ogún báyìí. Bàbá ti lọ, àwo orin I. K. Dairo àti ti Haruna Ishola ṣì wà nínú páálí, ẹ̀rọ tí ń kọ wọ́n sì wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ tí eruku ti bò ó. Àwọn mìíràn jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọjọ́ orí wọn ti tó 50 ọdún tàbí kí ó súnmọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ti tiránsísítọ̀. Kapásítọ̀ máa ń gbẹ, ìdọ̀tí sì máa ń dí ojú bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n kapásítọ̀ kò ṣòro láti rí rà, ìdọ̀tí sì ṣeé nù. Tiránsísítọ̀ ni ó ń di wàhálà, nítorí pé nọ́ńbà tí ó wà lára èyí tí ó jóná kò sí nínú èyí tí ilé-iṣẹ́ kankan ń ṣe mọ́.

Bí ó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Apá kan ẹ̀rọ dákẹ́, fíùsì ń já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án. Oníṣẹ́ rédíò tú u, ó rí tiránsísítọ̀ ńlá méjì tí ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ó gba ọjà lọ, wọ́n sì mú nọ́ńbà yẹn gan-an jáde fún un, tuntun, tí ó ń dán, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó rà á, ó jó o mọ́ ibẹ̀, orin jáde, inú gbogbo ilé dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òórùn ìjóná gba inú pálọ̀ kan. Tiránsísítọ̀ tuntun náà ti lọ, àwọn rẹsísítọ̀ tí ó yí i ká ti lọ, sípíkà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni sì bá wọn lọ. Sípíkà yìí ni àdánù tí ó le jù. Bí tiránsísítọ̀ tí ń lé e bá ṣọ́ọ̀tì, tí ẹ̀rọ náà kò sì ní ohun tí yóò tètè já sípíkà kúrò, iná tààrà, irú èyí tí ń ti inú bátìrì jáde, ni yóò rọ́ wọ inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú sípíkà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ti tó láti jó wáyà náà.

Tiránsísítọ̀ fúnra rẹ̀ kò ju ẹnu ẹ̀rọ omi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: béèsì, kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà. Iná kékeré tí ó wọ béèsì ni ó ń pàṣẹ iye iná ńlá tí yóò gba àárín kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà kọjá, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tí ó di orí ẹ̀rọ omi mú ṣe ń pàṣẹ fún omi. John Bardeen àti Walter Brattain ni wọ́n kọ́kọ́ mú kí irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, ọdún 1947, ní ilé ìwádìí Bell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì àti William Shockley ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1956. Jamáníọ́mù ni wọ́n fi ṣe àwọn ti àkọ́kọ́, kí sílíkọ́nì tó gba ipò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá ní rédíògíráàmù láti ayé ìgbà náà: béèsì ti jamáníọ́mù máa ń ṣí ní nǹkan bíi 0.2 sí 0.3 fólítì, ti sílíkọ́nì sì máa ń ṣí ní 0.6 sí 0.7. Ẹni tí ó bá yọ AC128 tí ó jẹ́ jamáníọ́mù, tí ó fi ti sílíkọ́nì dípò rẹ̀ láì yí rẹsísítọ̀ tí ń bọ́ béèsì padà, ohùn háháhá ni yóò gbọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n pàápàá ti yí orúkọ padà tàbí kí wọ́n ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà. RCA, tí ó bí 2N3055 tí gbogbo oníṣẹ́ rédíò mọ̀, bọ́ sọ́wọ́ General Electric ní 1986. Motorola ya ẹ̀ka tiránsísítọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1999. Òun ni ó di ON Semiconductor, tí wọ́n ń pè ní onsemi báyìí. Hitachi àti Mitsubishi kó púpọ̀ nínú tiwọn pọ̀ di Renesas ní 2003, NEC sì bá wọn níbẹ̀ ní 2010. ON ra ti Sanyo ní 2011, ó tún ra Fairchild ní 2016. Panasonic, tí àwọn àgbà mọ̀ sí National, ta tirẹ̀ fún Nuvoton ti Taiwan ní 2020. Nígbàkúùgbà tí ọjà bá pa ọwọ́ dà báyìí, ẹni tí ó jogún rẹ̀ máa ń yẹ ìwé wò, èyí tí kò bá tà mọ́ ni yóò fà rẹ́. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, àwọn yẹn kò sì fẹ́ tiránsísítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn.

Wíwá arọ́pò bẹ̀rẹ̀ láti ibi mímọ orúkọ kà. Àwọn ará Japan ń fi 2SA àti 2SB pe irú tí wọ́n ń pè ní PNP, wọ́n ń fi 2SC àti 2SD pe NPN, wọ́n sì ń fi 2SJ àti 2SK pe FET, tí ó jẹ́ ẹ̀yà mìíràn. Wọn kì í sábà kọ 2S náà sára rẹ̀. C458 tí ènìyàn rí lójú ni 2SC458. Àwọn ará Yúróòpù fi lẹ́tà àkọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, A fún jamáníọ́mù, B fún sílíkọ́nì, wọ́n sì fi èkejì sọ iṣẹ́ rẹ̀: C fún ohùn kékeré, D fún èyí tí ó lágbára, F fún ti rédíò. Ìyẹn ni AC128, BC547 àti BD139. Ti Amẹ́ríkà kò ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀. 2N ni gbogbo wọn, nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá ṣí ìwé.

Lẹ́tà kékeré tí ó gbẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń sọ iye ìlọ́po, ìyẹn iye ìgbà tí iná tí ń kọjá ní kọlẹ́kítọ̀ fi pọ̀ ju èyí tí ó wọ béèsì lọ. Lára 2SC1815 ti Toshiba, O túmọ̀ sí 70 sí 140, Y jẹ́ 120 sí 240, GR jẹ́ 200 sí 400, BL sì jẹ́ 350 sí 700. Ẹni tí ó bá yọ BL tí ó fi O rọ́pò rẹ̀ ti fi ọmọdé sí ipò àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìwé àlàyé tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa tiránsísítọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, títí kan ti àwọn tí wọn kò ṣe mọ́, ni ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fólítì ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Pioneer SX-1250, tí ó jáde ní 1976, lè fi 160 wáàtì ránṣẹ́ sí sípíkà 8 ohm kọ̀ọ̀kan. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, fólítì tí ó dé ẹnu sípíkà gbọ́dọ̀ lé ní 50 ní ṣóńṣó. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀gbẹ́ iná méjì, ọ̀kan lókè òdo, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Tiránsísítọ̀ tí ó bá ń sinmi nígbà tí èkejì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni yóò gba àpapọ̀ àwọn méjèèjì sójú, ìyẹn sì lé ní 100 fólítì. 2N3055 kò lè gbà ju 60 lọ. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rédíò máa ń kó sí ibikíbi tí tiránsísítọ̀ onírin bá ti jóná, nítorí pé ó wà nílẹ̀ tí kò sì wọ́n.

Wáàtì tí wọ́n kọ sínú ìwé pẹ̀lú ń tan ènìyàn jẹ. Ìwé 2N3055 sọ pé ó lè gba 60 fólítì, ó lè gba 15 ámpíà, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 115 wáàtì. Ẹni tí ó bá sọ 60 di ìlọ́po 15 yóò rí 900. Kò lè gba àwọn méjèèjì pa pọ̀, àní 115 náà jẹ́ ti ìgbà tí ara rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n ooru 25 péré, èyí tí kò ṣeé ṣe nínú ẹ̀rọ tí ń kọrin nílẹ̀ olóoru. Àwòrán kan máa ń wà nínú ìwé náà tí ó ń fi hàn bí ámpíà tí ó lè gbà ṣe ń dín kù bí fólítì bá ń ga sí i. Ẹni tí ń wá arọ́pò fún ẹ̀rọ ńlá kò gbọ́dọ̀ fo àwòrán yẹn.

Ìyára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Àwọn tiránsísítọ̀ ńlá àtijọ́ kò yára. 2N3055 kò ju nǹkan bíi 2.5 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì lọ. Àwọn tuntun bíi 2SC5200 àti èkejì rẹ̀, 2SA1943, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gba 230 fólítì àti 15 ámpíà, ń sá dé 30. Ó dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya ẹ̀rọ náà ní ọdún 1974 ti ṣètò kapásítọ̀ rẹ̀ fún ohun tí ó lọ́ra. Bí wọ́n bá fi èyí tí ó yára jù sí i, ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ara rẹ̀ ní ohùn tí ó ga ju èyí tí etí ènìyàn ń gbọ́ lọ. Kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ nǹkan kan, àfi kí irin tí ń fẹ́ ooru dànù máa gbóná fòò bí wọn kò tilẹ̀ fi àwo sí i. Ìdí nìyí tí MJ15024 àti MJ15025, tàbí MJ21193 àti MJ21194, fi máa ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu jù. Motorola ni ó bẹ̀rẹ̀ wọn, ON sì jogún wọn; onírin ni wọ́n, ihò ìdè wọn bá ti àtijọ́ mu, wọ́n lè gba 250 fólítì, ìyára wọn sì wà ní nǹkan bíi 4 mẹgahẹ́ẹ̀tìsì. Orúkọ wọn kò jọ ti Japan rárá, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọ ọ́. Méjèèjì ni ó sì yẹ kí wọ́n jọ pààrọ̀, kì í ṣe ọ̀kan tí ó jóná nìkan, nítorí pé NPN àti PNP tí kò bá ara wọn dọ́gba kì í fa orin náà ní déédéé.

Nínú àwọn kéékèèké, ariwo ni ó sábà máa ń tú wọn fó kí wọ́n tó kú. Ẹ̀rọ á máa ṣe ṣììì, tàbí kí ó máa ta tátátá bí àgbàdo lórí iná, bí wọ́n tilẹ̀ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ dé òdo. 2SC458 ti Hitachi ti di olókìkí fún èyí; ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dúdú bí èédú. 2SA726, tí ó pọ̀ nínú àwọn Pioneer ìgbà náà, kò sàn jù ú lọ. Arọ́pò tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí gbà fún àwọn méjèèjì ni KSC1845 fún ti NPN àti KSA992 fún ti PNP. Ẹ̀dà 2SC1845 àti 2SA992 ti Japan ni wọ́n. Samsung ti Kòríà ló ń ṣe wọ́n kí ẹ̀ka náà tó bọ́ sọ́wọ́ Fairchild ní 1999. Wọ́n lè gba 120 fólítì, wọn kì í pariwo, ẹsẹ̀ wọn sì tò bí ti àtijọ́. Àléébù wọn kan ni pé 50 miliámpíà ni òpin wọn. Ibi tí iná tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ bá ti ń kọjá, bí àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n ti ń ti àwọn ńlá, wọn kò wúlò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Bí ènìyàn bá kọjú sí ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí ẹsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, ti Japan púpọ̀ ni ẹmítà, kọlẹ́kítọ̀, béèsì láti apá òsì. Ti 2N5551 ti Amẹ́ríkà ni ẹmítà, béèsì, kọlẹ́kítọ̀. Ti BC547 ti Yúróòpù ni kọlẹ́kítọ̀, béèsì, ẹmítà. Wọ́n jọra lójú bí ìbejì, wọ́n á sì wọ ihò kan náà láì janpata. Oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lo BC547 lórí pánẹ́ẹ̀lì Japan ní láti lọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó kí wọ́n má baà kan ara wọn.

Àwọn FET ni ó le jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Hitachi gbé 2SK134 àti 2SJ49 jáde, ó sì lò wọ́n nínú ẹ̀rọ rẹ̀ HMA-7500. Wọ́n ní ìwà rere kan: bí wọ́n bá ti gbóná púpọ̀, iná tí wọ́n ń jẹ́ kí ó kọjá máa ń dín kù fúnra rẹ̀. Àwọn FET tí ó kún ọjà, bíi IRF540, kò rí bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ orin. Bí wọ́n bá ṣe ń gbóná ni wọ́n ń gbà sí i, títí wọn yóò fi pa ara wọn. Bákan náà, irin tí ó bo 2SK134 lára ni ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n irin ti àwọn IRF ni dìréènì. Arọ́pò tòótọ́ fún ti Hitachi ni àwọn tí Exicon ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, bíi ECX10N20 àti ECX10P20, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníke ni wọ́n tí wọ́n sì gba ihò ìdè tuntun. Fún 2SK170 kékeré ti Toshiba, tí ó ń gba ohùn láti ẹnu abẹ́rẹ́ àwo orin, Linear Systems ti Amẹ́ríkà ń ṣe LSK170.

Ti V-FET kò ní arọ́pò rárá. Sony fi 2SK60 àti 2SJ18 sínú TA-5650, Yamaha sì fi 2SK77 sínú B-1 ní 1974. Èyí yàtọ̀ sí gbogbo yòókù nítorí pé ó máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu bí kò bá sí iná òdì tí ó pa á dé. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fi sí ipò rẹ̀ láì tún gbogbo pánẹ́ẹ̀lì yà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti jóná kù sí ríra òkú ẹ̀rọ mìíràn kan náà láti yọ ti inú rẹ̀.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ padà sórí ayédèrú. Ẹni tí ń ṣe gbàrọgùdù mọ̀ pé nọ́ńbà àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ń wá, nọ́ńbà yẹn ni ó sì ń tẹ̀ sára ohun tí kò tó o. Ó máa ń ra tiránsísítọ̀ tí kò lágbára, á ha orúkọ rẹ̀ dànù, á sì kọ ti Toshiba tàbí ti Sanken sí i. Kì í ṣe ọjà Nàìjíríà nìkan ni èyí wà. Ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Nítorí náà, nọ́ńbà tí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe láti 20 ọdún, tí ó wá wà lọ́jà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí ó ń dán, tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́, ohun ìfura ni. Nọ́ńbà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń ṣe lónìí, tí wọ́n rà lọ́dọ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, sàn jù ú lọ. Mouser àti DigiKey ní Amẹ́ríkà, àti Farnell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára irú wọn. Ẹni tí ó bá ní ìbátan níbẹ̀ lè ní kí ó rà á, nítorí pé ẹrù náà kò ju ohun tí ń wọ àpò ìwé lọ.

Mítà olówó pọ́ọ́kú kò lè mú ayédèrú ńlá, nítorí pé iná tí ó fi ń dán an wò kéré púpọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà a máa tú àṣírí rẹ̀, bí ojúlówó bá wà tí wọ́n lè fi í wé. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́. Èyí tí ó dájú jù ni kí wọ́n fọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rà. Nínú ojúlówó, èérún sílíkọ́nì tí ó wà láàárín rẹ̀ tóbi dáadáa. Nínú ayédèrú, kò ju orí ìṣó kékeré lọ.

Bí arọ́pò bá ti dé, iṣẹ́ ṣì kù. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ, ó yẹ kí ó mọ̀ pé kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ a máa di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Máíkà tí ó wà láàárín tiránsísítọ̀ àti irin tí ń fẹ́ ooru dànù gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, kí wọ́n sì fi òróró funfun rẹ̀ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹ́ tàn án, kí iná rẹ̀ gba inú gúlóòbù àtijọ́ tí ń gbóná kọjá, 60 sí 100 wáàtì. Bí gúlóòbù náà bá mọ́lẹ̀ fìrí tí ó sì rẹlẹ̀, ó dára. Bí ó bá mọ́lẹ̀ tí kò rẹlẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀tì ṣì wà, gúlóòbù sì ti gba tiránsísítọ̀ là. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wọn iná tààrà ní ẹnu sípíkà kí wọ́n tó so sípíkà mọ́ ọn. Milifólítì díẹ̀ kò burú. Bí ó bá ti di odidi fólítì, sípíkà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Báyáàsì, ìyẹn ìwọ̀n iná kékeré tí ń gba inú àwọn tiránsísítọ̀ ńlá nígbà tí orin kò sí, ni wọ́n ń tò gbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà bá ṣe wí, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gbóná.

Ti iná ilé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Japan ń lo 100 fólítì, ti Amẹ́ríkà ń lo 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230 sí 240. Àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń yí i lẹ́yìn, àwọn kan kò ní. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tí kò ní in, tí wọ́n sì kì bọ iná NEPA tààrà, ìgbà kan ṣoṣo ni yóò kọrin, bí ó bá tilẹ̀ kọ ọ́. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ó máa ń fò sókè nígbà tí ó bá dé, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tiránsísítọ̀ àtijọ́; kí wọ́n pa ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ, kí wọ́n sì fi stabilizer sáàárín.

Àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń lẹ ìwé kékeré mọ́ abẹ́ ìdérí ẹ̀rọ kí wọ́n tó dè é padà: nọ́ńbà tí wọ́n yọ, nọ́ńbà tí wọ́n fi sí i, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti milifólítì tí wọ́n to báyáàsì sí.